Ta Ló Mọ Orúnkún Eléré?

Nílé wa, bí ọmọdé bá já bọ́ láti orí igi ọsàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí wọn ó gbé e lọ. Gbogbo àdúgbò ló mọ agbo ilé tí wọ́n ti ń to eegun láti ayé baba ńlá wọn. Bàbá á fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ náà títí, á tò ó, á fi òrí pa á, á fi ọparun dì í. Àwọn mìíràn á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ, wọ́n á ní ọjọ́ tí adìẹ bá rìn lọmọ náà á rìn. Ohun tó mú ká fọkàn tán wọn kò ju pé à ń rí àwọn tí wọ́n ti tò lẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń rìn kiri ìlú.

Irú ojú yẹn náà ló yẹ ká fi wá dókítà bí orúnkún ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù bá yẹ̀. Àmọ́ ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ kì í sábà ṣe eegun. Iṣan méjì ló kọjá lórí ara wọn nínú orúnkún, tí wọ́n so eegun itan mọ́ eegun ojúgun. Ti iwájú, tí àwọn dókítà ń pè ní ACL, máa ń já bí eléré bá yí padà lójijì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró gbọin mọ́lẹ̀, kódà bí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Á gbọ́ "pó!" nínú orúnkún, láàárín wákàtí mélòó kan á ti wú. X-ray kì í fi iṣan hàn. Wọ́n á ní eegun pé, kó lọ sinmi. Ó rìn, ilé yọ̀. Ọjọ́ tó bá padà sórí pápá, orúnkún á tún yẹ̀, ó sì lè fa ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun méjèèjì ya.

Iṣan yìí kì í sábà so padà bí eegun ṣe ń so, ìdí nìyẹn tí ọparun ò fi lè ràn án. Wọ́n á yọ iṣan mìíràn lára aláìsàn fúnra rẹ̀, láti ẹ̀yìn itan tàbí iwájú orúnkún, wọ́n á lu eegun méjèèjì, wọ́n á sì fà á gba ibẹ̀. Kámẹ́rà tín-ín-rín ni wọ́n fi ń ríran nínú orúnkún. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò iṣẹ́ abẹ yìí o. Dókítà gidi á kọ́kọ́ béèrè irú eré tí ẹ fẹ́ padà sí.

Ibo wá la ti ń rí dókítà bẹ́ẹ̀? Nígbà ogun àgbáyé kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó farapa ní Ìgbóbì, l'Ékòó, ibẹ̀ sì di ilé ìwòsàn eegun ní 1945. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà àti mọ́tò ló ń fún ọ̀pọ̀ dókítà eegun wa níṣẹ́ jù, ọwọ́ tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi irin sínú itan tó kán lè má mọ iṣan orúnkún. Ẹ wá ẹni tó tún lọ kọ́ṣẹ́ orúnkún àti èjìká eléré lẹ́yìn tó ti di dókítà eegun. Ẹ bi í pé iṣan mélòó ló ṣe lọ́dún tó kọjá, ta ló ti padà sórí pápá nínú wọn.

Ẹ tún wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ á ní kí ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ dẹ ẹsẹ̀. Á ká orúnkún díẹ̀, á fọwọ́ kan di itan mú, á fi èkejì fa ojúgun síwájú. Bí iṣan bá wà, ojúgun á dúró gbọin. Bó bá ti já, á kàn máa bọ̀ ni. Á yẹ ẹsẹ̀ kejì náà wò kó lè fi wéra, kó tó ní kí ẹ lọ ya MRI, fọ́tò tó ń fi iṣan hàn. Ẹni tó wo fọ́tò nìkan tí kò fọwọ́ kan orúnkún, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Victor Boniface, agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni orúnkún dá a jókòó nígbà tó wà ní ẹgbẹ́ Bodø/Glimt ní Nọ́wè. Ní 2024, ó wà lára àwọn tó gba líìgì Jámánì fún Bayer Leverkusen. Kì í ṣe abẹ nìkan ló ń gbé eléré dìde bẹ́ẹ̀. Ó máa ń tó oṣù mẹ́sàn-án kí wọ́n tó jẹ́ kí eléré tún gbá bọ́ọ̀lù, onífisiọ́ ló sì ń bá a ṣe é lójoojúmọ́ títí itan á fi lágbára padà. Bí dókítà ò bá lè dárúkọ ẹni tó máa gbà yín lọ́wọ́ òun lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ má tíì sanwó.