Híhun okùn ike

Híhun okùn ike jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí a fi ń ta okùn ike tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní kókó lé kókó, títí tí yóò fi di ọ̀pá kékeré tàbí ọ̀já tí ó le dáadáa. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fi í ṣe ni okùn àfikọ́rùn fún káàdì ìdánimọ̀ tàbí fèrè, ohun ìfikọ́ kọ́kọ́rọ́ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Kò gba ẹ̀rọ, kò sì gba abẹ́rẹ́. Ìka ọwọ́ àti sáàsì tó mú ti tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí eré ọmọdé, ṣùgbọ́n ó ní ibì kan tí ó máa ń dá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ dúró: ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ni ó wà láàárín kókó onígun mẹ́rin àti kókó róbótó. Ẹni tí kò bá mọ ìgbésẹ̀ náà yóò máa rò pé ọwọ́ òun ni kò dára, nígbà tí ó jẹ́ pé kókó mìíràn ni ó ń ta láìmọ̀.

Orúkọ

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí ní lanyard, gimp tàbí boondoggle. Ní ilẹ̀ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, scoubidou ni orúkọ rẹ̀. Orin kan tí Sacha Distel, olórin Faransé, kọ ní ọdún 1959 ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Ìtàn boondoggle kò dára tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Scout ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò ó fún okùn tí wọ́n hun, ṣùgbọ́n ní ọdún 1935 àwọn ìwé ìròyìn New York gbé e jáde pé ìjọba ń fi owó ìrànwọ́ kọ́ àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà ti di orúkọ fún iṣẹ́ ìjọba tí kò wúlò. Okùn náà kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Èdè Yorùbá kò tíì ní orúkọ kan pàtó fún un, ṣùgbọ́n kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ ìṣe tí a lè fi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. A máa ń hun aṣọ, a ń hun ẹní àti apẹ̀rẹ̀. A ń di irun nígbà tí ó jẹ́ ìka nìkan ni a fi ṣe é, a sì ń kó irun nígbà tí a bá fi òwú wé e. A ń lọ́ okùn, a sì ń ta kókó. Bí a bá wo ohun tí ọwọ́ ń ṣe gan-an, iṣẹ́ yìí sún mọ́ irun dídì àti kókó títa ju aṣọ òfì lọ, nítorí kò sí òfì níbẹ̀. Síbẹ̀, híhun ni a lò fún orí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé apẹ̀rẹ̀ náà kò ní òfì, híhun ni a sì ń pè é. Ní ti ike, ọ̀pọ̀ ará Èkó yóò sọ pé rọ́bà; ohun kan náà ni wọ́n ń sọ.

Ohun èlò

PVC ni wọ́n fi ń ṣe okùn náà. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀: èyí tó pẹlẹbẹ, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà 2.4, àti èyí tó rí róbótó tí inú rẹ̀ ṣófo bí ọ̀pá ìfàmu kékeré. Àwọ̀ méjì tó yàtọ̀ síra ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń kọ́ ọ, kí ó lè mọ okùn tó kọjá lókè àti èyí tó gba ìsàlẹ̀. Ẹni tó wà ní Ìgàndó tàbí Ìkòtún tí kò rí okùn gidi rà lè fi okùn bàtà pẹlẹbẹ aláwọ̀ méjì kọ́ gbogbo kókó tó wà nísàlẹ̀ yìí. Kò ní le bí ike, ṣùgbọ́n ọwọ́ yóò mọ ọ̀nà.

Iṣẹ́ yìí máa ń jẹ okùn gan-an. Mítà 1 okùn kọ̀ọ̀kan, nínú kókó onígun mẹ́rin, kò sábà gùn ju ìka ọwọ́ kan lọ tí ó bá parí. Okùn ọrùn tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 90 yóò gba ohun tó ju mítà 10 lọ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ibi tí káàdì tàbí kọ́kọ́rọ́ ti ń so rọ̀ nìkan ni wọ́n sábà máa ń fi kókó ṣe, tí wọ́n á sì fi okùn lásán sílẹ̀ fún ọrùn.

Kókó onígun mẹ́rin

Kókó yìí ni ìpìlẹ̀. A ó fi àárín okùn kan dábùú àárín èkejì, kí ẹsẹ̀ mẹ́rin lè yọ: àríwá àti gúúsù jẹ́ àwọ̀ kan, ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn jẹ́ àwọ̀ kejì. A ó tẹ ẹsẹ̀ àríwá wá sí gúúsù, kí ó ṣe afárá. A ó tẹ ẹsẹ̀ gúúsù lọ sí àríwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó ṣe afárá kejì. Ẹsẹ̀ ìlà-oòrùn yóò wá gba orí afárá tó sún mọ́ ọn, yóò sì gba abẹ́ afárá kejì. Ẹsẹ̀ ìwọ̀-oòrùn yóò ṣe bákan náà láti ìhà tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó fa ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀díẹ̀, lọ́gbọọgba, títí tí ojú mẹ́rin kéékèèké yóò fi hàn bí pátákó ayò.

Bí ẹsẹ̀ kan bá gba orí afárá méjèèjì, kókó náà yóò tú ní kété tí a bá fà á. Àṣìṣe yìí ni ó wọ́pọ̀ jù, kò sì ṣòro láti rí: ojú mẹ́ta ni yóò hàn dípò mẹ́rin. Ní ìpele tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò padà tààrà sí ìhà tó ti wá. Ọ̀rọ̀ náà "tààrà" ni gbogbo àṣírí rẹ̀ wà.

Kókó róbótó

Ìpele àkọ́kọ́ kókó róbótó kò yàtọ̀ sí ti onígun mẹ́rin rárá. Láti ìpele kejì ni ọ̀nà ti yà: dípò kí ẹsẹ̀ padà tààrà, yóò dábùú kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì ẹnìkejì rẹ̀, ẹsẹ̀ yòókù yóò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Gbígba orí àti gbígba abẹ́ kò yí padà. Nítorí pé ìpele kọ̀ọ̀kan yí díẹ̀ sí ìhà kan náà, ọ̀pá náà yóò lọ́ bí ìwo àgbò. Ẹni tó fẹ́ ṣe onígun mẹ́rin tó wá rí i pé iṣẹ́ òun ń lọ́, ó ti dábùú níbi kan. Kí ó tú u padà sí ibẹ̀.

Kókó pẹlẹbẹ

Èyí ni àwọn olóyìnbó ń pè ní cobra. Ẹsẹ̀ méjì máa ń dúró sí àárín láìmira. Ẹsẹ̀ òsì yóò gba orí wọn, yóò sì bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yóò gba ẹ̀yìn wọn, yóò sì jáde láti inú ihò tí ẹsẹ̀ òsì fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀tún ni yóò kọ́kọ́ ṣí. Bí a bá ń pààrọ̀ òsì àti ọ̀tún báyìí, yóò tẹ́ pẹlẹbẹ. Bí ó bá jẹ́ òsì nìkan ni ó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo, yóò lọ́. Òfin tó wà nínú kókó róbótó náà nìyí: ohun tó bá ń yà sí ìhà kan náà ní gbogbo ìgbà, yóò lọ́ dandan.

Àwọn kókó mìíràn wà tí wọ́n ń fi okùn mẹ́ta ṣe, tí ojú wọn rí bí bíríkì. Ẹni tó bá ti mọ onígun mẹ́rin kò ní pẹ́ mọ̀ wọ́n. Bí àwọn onídìrí Yorùbá ṣe fi ohun tí ojú rí sọ irun ní pàtẹ́wọ́ tàbí ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì fi àpótí, àgbá àti ejò sọ àwọn kókó wọ̀nyí ní orúkọ. Kò sí ohun tó ní kí Yorùbá má ṣe ṣe bẹ́ẹ̀.

Ewu

Okùn àfikọ́rùn tí kò lè já léwu fún ọmọdé, nítorí pé ó lè há mọ́ ilẹ̀kùn tàbí ohun ìṣeré kí ó sì fún un lọ́rùn. Kókó tó le kì í tú fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí a fi ìdè tó ń já fúnra rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọrùn, tàbí kí ọmọdé máa so tirẹ̀ mọ́ àpò.

Kí PVC lè rọ̀, wọ́n máa ń fi kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní phthalate sí i. Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2005 fi ìdá 0.1 nínú 100 ṣe òpin mẹ́ta nínú wọn, DEHP, DBP àti BBP, nínú ohun ìṣeré ọmọdé. Nítorí náà, kò dára kí ọmọ máa jẹ okùn náà lẹ́nu, bí ọ̀pọ̀ ṣe máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń wá ọwọ́ kẹta. Àwọn kan a máa fi iná jó ìdí okùn kí ó má baà tú. Èéfín PVC máa ń ta ojú àti ọ̀nà ọ̀fun. Ó sàn kí a fún ìpele mẹ́ta tó gbẹ̀yìn le dáadáa, kí a sì fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i kí a tó gé e.