Ojú Ọjọ́ Nínú Àwòrán

Bí òjò bá ṣú lójú ọ̀nà Ìkirè sí Àpòmù, àwọ̀ ohun gbogbo a yí padà. Ilẹ̀ tí ó ṣì lọ́sàn-án gangan a pọ́n roro. Ewé kòkó a dúdú mìnìjọ̀. Yorùbá a ní ojú ọjọ́ ṣú. Ọjọ́ ní ojú bí ènìyàn ti ní ojú: ènìyàn a máa fajú ro, ojú ọjọ́ náà a sì máa ṣú.

Àwọn kan a máa sọ pé orúkọ àwọ̀ mẹ́ta péré tí Yorùbá ní, funfun, pupa àti dúdú, kò tó láti fi sọ̀rọ̀ nípa àwòrán. Wọ́n gbàgbé roro, rúsúrúsú, kirikiri àti báláú. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sọ àwọ̀ nìkan; ó tún ń sọ bí àwọ̀ náà ti ṣe ẹni tí ó rí i.

Ohun tí Vincent van Gogh, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì, fi ọ̀dà ṣe gan-an nìyẹn ní oṣù Keje ọdún 1890, nígbà tí ó ya oko àlìkámà kan ní Auvers, ní ilẹ̀ Faransé, tí kannakánná ń fò lórí rẹ̀. Àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, bíi Claude Monet, ń wá bí ìmọ́lẹ̀ ti rí lójú. Van Gogh fẹ́ kí àwọ̀ tún sọ bí inú ti rí.

Ọ̀run àwòrán náà dúdú bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró. Àlìkámà rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè. Àwọ̀ méjèèjì ta ko ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń mú kí èkejì hàn kedere. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Ti àárín wọ inú oko lọ, kò sì hàn mọ́. Ibẹ̀ ni àìbalẹ̀ ọkàn ti wá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òun ni àwòrán tí ó yà kẹ́yìn kí ó tó kú ní ọjọ́ 29 oṣù náà, wọ́n sì ń rí ikú nínú gbogbo àwọ̀ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ya òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Nínú lẹ́tà tí ó kọ nípa irú oko bẹ́ẹ̀, ó mẹ́nu ba ìbànújẹ́ àti ìdánìkanwà, ó sì tún mẹ́nu ba okun tí ìgbèríko ń fún ènìyàn. Òjò tí ó ṣú dẹ̀dẹ̀ a máa já ẹni tí ó sá kòkó láyà ní Ìkirè. A sì máa dùn mọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin àgbàdo ní Àpòmù nínú.

Nítorí náà, bí ọmọ ilé-ìwé bá fi ọ̀dà pupa kun ọ̀run, kí olùkọ́ má ṣe yára sọ pé kò gbà á. Kí ó kọ́kọ́ bi í pé: “Kí ló ṣe ojú ọjọ́ yìí?” Bí ọmọ náà bá rí èsì fọ̀, ó ti mọ ohun tí àwọ̀ wà fún. Bí kò bá rí i fọ̀, ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.