Irun àgbọ̀nrín tó di orí ẹja lẹ́nu ìwọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ju ìwọ̀ sódò rí mọ̀ pé ohun tí ẹja máa jẹ la ń fi sẹ́nu rẹ̀: ekòló, ìfun adìẹ, nígbà mìíràn ẹ̀bà tí wọ́n ṣù roboto. Àwọn òyìnbó kan wà tí wọn kì í fi ohun jíjẹ kankan síbẹ̀. Irun, ìyẹ́ àti òwú ni wọ́n ń dì mọ́ ìwọ̀ títí yóò fi jọ kòkòrò tàbí ẹja kékeré. Ẹja ńlá á sáré wá gbé e mì, kó tó mọ̀ pé irọ́ ni. Eṣinṣin ni wọ́n ń pe ìdẹ bẹ́ẹ̀ lédè wọn, bí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ jọ eṣinṣin rárá.

Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ń jẹ́ Muddler Minnow. Ará Amẹ́ríkà kan, Don Gapen, ló kọ́kọ́ dì í ní nǹkan bí ọdún 1937, nídìí odò Nipigon ní Kánádà. Ẹja kékeré kan wà nínú odò náà tí orí rẹ̀ fẹ̀, tí ìdí rẹ̀ tín-ín-rín, tó máa ń sá pamọ́ sábẹ́ òkúta. Àwọn ẹja trout ńláńlá fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Gapen fi ìyẹ́ tòlótòló ṣe apá, ó fi irun ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ó fi okùn wẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán bíi wúrà wé ara rẹ̀. Irun àgbọ̀nrín ló fi ṣe orí, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Kì í ṣe ìgalà inú igbó wa o. Àgbọ̀nrín ilẹ̀ olótùútù ni. Inú irun rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ kún, bíi ti fóòmù tí a ń sùn lé. Afẹ́fẹ́ yìí kì í jẹ́ kí òtútù mú ẹranko náà nínú yìnyín, òun náà ló ń jẹ́ kí irun náà léfòó lórí omi. Bí òwú bá sì fún un, ṣe ni yóò nà ṣánṣán bí irun ara ẹni tí ẹ̀rù bà.

Wọn á kọ́kọ́ fi irin bíi fáìsì àwọn fítà há ìwọ̀ náà. Wọn á gé irun tó nípọn tó pẹ́ńsùlù, wọn á ya múnúmúnú ìdí rẹ̀ kúrò, torí bí ìyẹn bá wà níbẹ̀, irun kò ní yí. Wọn á gbé e lé ẹ̀yìn ìwọ̀ tí wọn kò fi òwú wé, wọn á yí òwú ká a lẹ́ẹ̀mejì láìfún un. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọn á fa òwú náà díẹ̀díẹ̀, wọn á sì jọ̀wọ́ irun. Irun á tú, á sáré yí ìwọ̀ po! Wọn á fi èékánná tì í sẹ́yìn kó kì pọ̀, wọn á tún dì òmíràn síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni sísọ́ọ̀sì àti bíléèdì á gé e bí onígbàjámọ̀ ṣe ń gé irun, títí yóò fi di orí. Orí tó fẹ̀ yìí ń ti omi bó ṣe ń lọ, ẹja á sì mọ̀ ọ́n lára.

Bí wọ́n bá fa òwú náà jẹ́jẹ́ jù, irun kò ní nà. Bí wọ́n bá fà á jù, òwú á já, gbogbo irun á sì dà sórí tábìlì. Ẹni tó ń fi iṣẹ́ yìí ṣeré nínú ilé rẹ̀ ní Kánádà á kàn mí kanlẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Kẹ́ńyà.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé mo dárúkọ Kẹ́ńyà. Ní ọdún 1905 ni àwọn òyìnbó kó ẹja trout wá sínú àwọn odò tútù orí òkè níbẹ̀. Wọ́n nílò ìdẹ, àwọn ọmọ ìlú sì kọ́ iṣẹ́ náà. Títí di òní, àwọn ènìyàn ń jókòó ti tábìlì ní Nairobi àti àyíká rẹ̀, wọ́n ń dì ìdẹ tí wọ́n ń kó lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Obìnrin pọ̀ nínú wọn. Kò sí àgbọ̀nrín yẹn nínú igbó Kẹ́ńyà, nítorí náà irun á ti òkè òkun wá, á tún padà lọ sókè òkun. Ẹni tó ń dì í lè má fọwọ́ kan ọ̀pá ìwọ̀ rí láyé rẹ̀.

Iye dọ́sìnnì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá dì ni wọ́n sábà fi ń sanwó. Òwú tó já níbẹ̀, owó ọbẹ̀ ló já.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n rà kì í wo ẹwà rẹ̀ nìkan. Èékánná ni wọ́n fi ń tẹ orí rẹ̀. Bó bá le bíi kọ́ọ̀kì ìgò, irun rẹ̀ kì dáadáa, ẹni tó dì í kò kánjú. Bó bá rọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé dọ́sìnnì ni onítọ̀hún ń lé.