Ìpọ̀-Èròjà àti Ìwúwo: Ọ̀rọ̀ Méjì fún Ìṣirò Kan

Kò ṣòro láti fi iye kan pín òmíràn. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìṣirò dunjú lè ṣi ìbéèrè físíìsì ṣe nítorí orúkọ tí olùkọ́ fi pe ohun tí ó ní kí ó wá. Bí olùkọ́ bá ní kí ó wá "ìwúwo" ọmọlanke láti ara ipá tó ń tì í àti bí eré rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, ohun méjì ni ọ̀rọ̀ náà lè tọ́ka sí. Ní ọjà, ìwúwo ni ohun tí òṣùwọ̀n ń sọ, kílógíráàmù ni a sì fi ń kà á; ìyẹn kò ba ìnájà jẹ́. Ṣùgbọ́n nínú físíìsì, ìwúwo jẹ́ ipá tí ilẹ̀ ayé fi ń fa ohun kan mọ́ra, níútọ̀nù sì ni òdiwọ̀n rẹ̀.

Ohun tí ìbéèrè náà ń wá yàtọ̀ sí èyí. Newton, nínú ìwé rẹ̀ Principia tó jáde ní 1687, pè é ní iye èròjà. Lórí ìpìlẹ̀ yìí, "ìpọ̀-èròjà" bá a mu. "Àlékún eré" ni iye tí eré fi ń pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. "Ipá" sàn ju "agbára" lọ níhìn-ín, nítorí pé agbára ti ní iṣẹ́ mìíràn nínú ẹ̀kọ́ yìí. Bí a bá fi àlékún eré sọ ìpọ̀-èròjà di púpọ̀, ipá ni a ó rí. Nítorí náà, ẹni tó ń wá ìpọ̀-èròjà yóò fi àlékún eré pín ipá.

Ká ní alágbàrù kan fi ipá 60 níútọ̀nù ti ọmọlanke tó kún fún iṣu lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, tí ìdènà láti ara ilẹ̀ sì jẹ́ 20. Ipá tó ṣẹ́ kù láti mú un sáré jẹ́ 40. Bí ọmọlanke náà bá kúrò lójú kan, tí eré rẹ̀ sì di mítà 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 4, àlékún eré rẹ̀ jẹ́ 0.5. Fi 0.5 pín 40: ìpọ̀-èròjà jẹ́ kílógíráàmù 80. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbàgbé ìdènà yóò pín 60, yóò sì rí 120, èyí tí kò tọ̀nà.

Ìwúwo ẹrù kan náà ńkọ́? Lórí ilẹ̀ ayé, àlékún eré ohun tó ń já bọ́ tó 9.8, ìwúwo náà yóò jẹ́ níútọ̀nù 784. Nínú òṣùpá, níbi tí àlékún náà ti tó 1.6, yóò di 128. Síbẹ̀, ìpọ̀-èròjà kò yẹ̀ kúrò ní 80.

Nítorí náà, olùkọ́ tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ náà yé akẹ́kọ̀ọ́, kí ó béèrè ìdáhùn méjèèjì lórí ẹrù kan ṣoṣo. Olùtumọ̀ tó bá sì fi "ìwúwo" nìkan dípò méjèèjì ti gba ìbéèrè náà lọ́wọ́ rẹ̀.