Ta Ló Ni Ẹja Inú Omi Onílẹ̀? Òótọ́ àti Irọ́

Bí ọ̀rọ̀ ẹja sísìn bá ti délẹ̀ ní Festac, àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń jáde lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ẹni tó ń sin àrọ̀ sínú táńkì lẹ́yìnkùlé ń sọ ọ́, ẹni tó ń tà á láàyè fún àwọn tó fẹ́ jẹ point-and-kill lálẹ́ ń sọ ọ́, àwọn ọmọ onílẹ̀ Àmúwò náà ń sọ ọ́. Mo fẹ́ mú díẹ̀ nínú wọn yẹ̀ wò. Káàkiri ayé ni àwọn tó ni omi àti àwọn tó ń sin ẹja ti ń jókòó láti bá ara wọn ṣe àdéhùn, irọ́ tí a bá sì gbà gbọ́ kí a tó jókòó lè gba omi lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa.

Irọ́: “Àlejò ló gbé ẹja sísìn wá. Iṣẹ́ ará etí omi ni kó da àwọ̀n.”

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń sọ onílẹ̀ di alágbàṣe lórí omi ara rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó da kọnkéré sínú adágún kankan ní Èkó ni àwọn Ẹ̀gùn ti ń ṣe akaja. Ó wà ní Ganvié lórí adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin, ó sì wà lórí omi Badagry, omi kan náà tó ń ṣàn bọ̀ sí ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n á gé ẹ̀ka igi, wọ́n á gún un mọ́ ilẹ̀ odò níbi tí omi kò ti jìn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, títí yóò fi di igbó kékeré lábẹ́ omi. Igi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rà, nǹkan aláwọ̀ ewé á bò ó, kòkòrò omi á wọ inú rẹ̀, ẹpìyà á sì wá jẹ ohun tó wà lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹja yóò máa jẹ, ibẹ̀ ni yóò máa bímọ sí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn tó ni ín á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á fa igi náà tu lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá kó ẹja wọn. Akaja kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá lọ da àwọ̀n síbẹ̀ láìgbàṣẹ, olè ni.

Ẹja sísìn nìyẹn, tòun ti òfin rẹ̀. Mi ò sọ pé kò ní àbùkù: ó ń jẹ igi púpọ̀, ó ń jẹ́ kí yẹ̀pẹ̀ dí omi, ó sì ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn apẹja. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé àwọn tó ń ṣe é kò mọ bí a ṣe ń tọ́jú ẹja.

Ohun tó jẹ́ tuntun ni àrọ̀ inú táńkì. Àrọ̀ lè gòkè wá mí afẹ́fẹ́ òde, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ fi lè fún mọ́ra nínú omi kékeré tí ẹja mìíràn yóò kú sí. Wọ́n á fún abo rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ kó lè yé ẹyin, wọ́n á pa akọ kí wọ́n tó lè gba àtọ̀ rẹ̀, ẹyin náà á sì pa láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ṣíṣà bẹ̀rẹ̀. Mo ti dúró wò wọ́n nígbà tí wọ́n ń ṣe é: wọ́n fa omi sílẹ̀ títí ó fi dé orúnkún, wọ́n ń fi abọ́ oníhò bu ọmọ ẹja, àwọn kéékèèké ń jò padà sínú omi, àwọn tó ti sanra kù sínú abọ́, wọ́n sì dà wọ́n sí táńkì mìíràn. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tó tóbi á gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ mì láàyè. Bí oúnjẹ bá pé, ẹja náà lè tó kílò kan láàárín oṣù márùn-ún sí mẹ́fà.

Oúnjẹ yẹn gan-an ni ibi tí owó wà, torí òun ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó. Skretting, tó ní ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ẹja ní Ìbàdàn, wà lábẹ́ Nutreco ti orílẹ̀-èdè Netherlands, òun náà ló sì ń ṣe oúnjẹ ẹja salmon ní Norway àti ní Chile. Nítorí náà, ẹni tó ń sin àrọ̀ ní Festac àti ẹni tó ń sin salmon nínú òkun tútù lè máa ra oúnjẹ lọ́wọ́ olówó kan náà. Onílẹ̀ tó bá fẹ́ bá ẹnikẹ́ni da òwò pọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò máa ra oúnjẹ, iye tí yóò máa rà á, àti ẹni tí yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Irọ́: “Kò sí àdéhùn kankan pẹ̀lú onílẹ̀. Owó ọtí ni, kí wọ́n má bàa pariwo.”

Mo mọ ibi tí èrò yìí ti wá. Lórí ilẹ̀ Àmúwò, tó jẹ́ ilẹ̀ àwọn Àwórì, ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ Festac Town sí fún àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ti ọdún 1977. Láti ìgbà náà, ohun tí ọ̀pọ̀ mọ̀ mọ́ orúkọ ọmọ onílẹ̀ ni owó ìpìlẹ̀ àti ìjà lórí ilẹ̀, títí Ìpínlẹ̀ Èkó fi ṣe òfin ní ọdún 2016 láti fi dá àwọn ajagungbalẹ̀ lẹ́kun.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlú Klemtu ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn Kánádà, níbi tí àwọn ọmọ onílẹ̀ Kitasoo Xai'xais ń gbé. Láti òpin àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti bá ilé-iṣẹ́ tí à ń pè ní Mowi lónìí ṣe àdéhùn. Inú omi wọn ni àhámọ́ àwọ̀n tí wọ́n ń sin salmon sí wà, ilé tí wọ́n ti ń pa ẹja náà wà ní ìlú wọn, àwọn ọmọ wọn ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èyí kì í ṣe owó ọtí.

Nílé wa níbí, ẹ lọ wo Èríwè nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Ètò láti gbógun ti ìṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabógùńjẹ́ ṣáájú rẹ̀, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Awùjalẹ̀, ló bí abúlé ẹja yẹn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n fi tò ó: adágún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún, olúkúlùkù ló ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń rìn nídìí oúnjẹ àti ọjà. Ẹni tó bá sọ pé Yorùbá kò lè da òwò ẹja pọ̀ kò tíì dé ibẹ̀.

Irọ́: “Ọmọ onílẹ̀ tó bá gba ilé-iṣẹ́ ẹja láàyè ti ta omi baba rẹ̀.”

Àwọn kan ń sọ èyí, àwọn mìíràn ń sọ òdìkejì rẹ̀, pé ẹni tó bá kọ̀ jẹ́ ọ̀tá ìdàgbàsókè. Kò sí èyí tó tọ̀nà. Ní etí òkun kan náà ní Kánádà, ní agbègbè Broughton, àwọn ọmọ onílẹ̀ kan lọ jókòó sórí àhámọ́ ẹja náà ní ọdún 2017 pé àwọn kò fẹ́ ẹ, nítorí kòkòrò òkun tó ń lẹ̀ mọ́ ẹja lára àti àrùn tí wọ́n ní ó ń ṣe ẹja ìbílẹ̀ wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, àwọn ọmọ onílẹ̀ 'Namgis, Kwikwasut'inuxw Haxwa'mis àti Mamalilikulla bá ìjọba ìpínlẹ̀ British Columbia jókòó. Nínú oko ẹja 17, wọ́n ní kí 10 kógbá wọlé títí di 2022, kí 7 tó kù má sì dúró lẹ́yìn 2023 àfi bí àwọn fúnra wọn bá gbà. Wọ́n tún gba àṣẹ láti máa yẹ ẹja àti omi wò fúnra wọn.

Nígbà tí ìjọba Kánádà kéde ní oṣù Kẹfà ọdún 2024 pé àhámọ́ àwọ̀n inú òkun British Columbia gbọ́dọ̀ dópin ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2029, àwọn ọmọ onílẹ̀ kan yọ̀, àwọn mìíràn sì fárígá pé wọn kò bi àwọn kí wọ́n tó pinnu. Mo gbà pé ẹ̀tọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jà fún: kí ẹni tó ni omi lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kó sì lè sọ pé rárá.

Irọ́: “Bí baálẹ̀ bá ti fọwọ́ sí àdéhùn, ó tán.”

Kò tán rárá. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Nínú Festac fúnra rẹ̀, FHA tó jẹ́ àjọ ilé gbígbé ti ìjọba àpapọ̀ ní ọ̀rọ̀ sọ. Lórí omi, ìjọba àpapọ̀ ní àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi, NIWA, Èkó ní tirẹ̀, LASWA, wọ́n sì bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ ẹni tó láṣẹ dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, tó dá NIWA láre ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Ìwé tí baálẹ̀ nìkan fọwọ́ sí lè di bébà lásán lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá dé. Ṣùgbọ́n ìwé ìjọba tí kò ní ọwọ́ onílẹ̀ nínú náà ni ìjà máa ń tẹ̀lé, àwọn méjèèjì ló sì yẹ kó wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gún igi kan mọ́ omi.

Irọ́: “Omi adágún ẹja kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan.”

Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí wọn kò jẹ tán ń di ajílẹ̀ nínú omi. Bí wọ́n bá tú u sí gọ́tà, inú odò ló ń lọ, ibẹ̀ ni ewéko tó ń léfòó, tó ti Benin wọ omi Badagry ní 1984, ti ń jẹ ẹ́ yó, tó sì ń dí ọ̀nà ọkọ̀ àwọn apẹja. Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ kan bá mú ìwé àdéhùn wá sí Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin lọ́la, kí àwọn àgbà wa kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé àwọn ọmọ àdúgbò ni yóò máa yẹ omi náà wò, owó ilé-iṣẹ́ ni wọn yóò fi máa ṣe é, kí wọ́n máa ka èsì rẹ̀ sí gbogbo ìlú létí, bí omi bá sì bàjẹ́, kí wọ́n lè ti ibẹ̀ pa.