Orúkọ Tí Ìyá Àgbà Fi Ń Pè É

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ iná. Kì í ṣe àlọ́ ni mo fẹ́ pa lálẹ́ yìí, ìtàn ni, ó sì ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Ṣé ẹ rántí ọkùnrin onírunmú ńlá tó wà lára owó náírà kan? Herbert Macaulay ni. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n. Ta ló wá bí i? Abigail ni. Orírun Abigail yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Àjàyí ni baba rẹ̀, ọmọ Òṣoogùn lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Lọ́dún 1821, ogun wọ ìlú láàárọ̀, oúnjẹ ṣì wà lórí iná. Wọ́n kó Àjàyí àti Àfàlá ìyá rẹ̀ lẹ́rú, wọ́n sì já ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá. Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó yá, wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n gba ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tà á kiri títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ Potogí l'Ékòó, ní oṣù kẹrin ọdún 1822. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun, tó kó wọn lọ sí Sàró. Àsánò tó fi ṣaya níbẹ̀, inú ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n ti gba òun náà sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ló bí Abigail.

Ọdún 25 kọjá lẹ́yìn tí wọ́n já a gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Àjàyí ti di àlùfáà, iṣẹ́ Olúwa gbé e dé Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, ìyá kan wọlé tọ̀ ọ́ wá. Àfàlá ni! Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò jáde, omijé ló ń dà. Nígbà tí Àfàlá máa lahùn, àwọn orúkọ ìkẹ́ tí ìyá àgbà Àjàyí fi ń pè é ní kékeré ló fi pè é. Ìyá àgbà ti kú sóko ẹrú, ṣùgbọ́n oko ẹrú kò gba orúkọ tó fi kẹ́ ọmọ.

Lọ́dún 1848, Àfàlá ṣèrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah, bí ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì, nítorí Samuel ni orúkọ ìrìbọmi ọmọ rẹ̀. Abigail fẹ́ Thomas Babington Macaulay, ẹni tó ṣí CMS Grammar School l'Ékòó lọ́dún 1859. Ọdún 1864 wá kó ayọ̀ méjì dé: ní oṣù kẹfà, baba Abigail di bíṣọ́ọ̀bù, ní oṣù kọkànlá, Abigail bí Herbert.

Láti orí ìyá àgbà dé orí Herbert, ìran márùn-ún nìyẹn. Ogun fọ́n wọn ká, okùn kò já.

Ẹ má sùn lálẹ́ yìí láìbi ìyá yín léèrè: kí ni orúkọ ìyá tó bí ìyá wọn? Oríkì wo ló fi ń pè wọ́n? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹnu tó mọ̀ ọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀.