Bí Èsì Ìbò Ṣe Ń Hàn Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2022, a dìbò gómìnà ní Èkìtì. Ibùdó ìdìbò 2,445 ló wà. Wọ́n ya fọ́tò ìwé èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan, ó di inú kọ̀ǹpútà INEC. Ta ló lè ṣe ojú ewé 2,445? Kò sí o. Ẹyọ kan ni wọ́n ṣe, bíi fọ́ọ̀mù tí a kò tíì kọ nǹkan sí. Bí ẹ bá yan Ìkẹ́rẹ́, wọ́ọ̀dù yín àti ibùdó yín, kọ̀ǹpútà á mú tiyín jáde nínú àká rẹ̀, á gbé e sójú ewé náà. Ṣùgbọ́n kò mọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́; ohun tí wọ́n kó sí i ló ń fi hàn. Bí ìbò bá tún dé, ẹ kọ iye tí wọ́n lẹ̀ sí ibùdó yín sílẹ̀, kí ẹ fi wé fọ́tò náà.